Iyọ̀ Inú Táńkì Kẹta

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta, 1986

Èyí tó kù nínú táìlì ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀bá ọ̀sà dé lónìí, wọ́n fi koríko gbígbẹ há wọn láàárín bí ẹyin adìyẹ. Ọ̀gá Zeferino ló jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ọkọ̀ títí dé ilé mi. Ó ní òun kò fọkàn tán awakọ̀ tó ń mu sìgá. Nígbà tí Abílio ọkọ mi wà láyé, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń tú táìlì àtijọ́ lára ògiri káàkiri agbègbè Murtosa ní ilẹ̀ Pọtogí níbí. Láti ìgbà tó ti kú, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, Zeferino ló ń lẹ̀ ẹ́ padà.

Táńkì kìíní gba ọkọ̀ àti ìgbì. Ìkejì gba àwọn atukọ̀ tó ń ké gbàmí àti àwọn áńgẹ́lì. Ìkẹta, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, gba Màríà Ìyá Wa fúnra rẹ̀: ojú, ọwọ́ méjèèjì, àti ìkùukùu tó dúró lé. Àwọ̀ aró rẹ̀ kò tíì ṣá láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn kún fún iyọ̀. Bí a kò bá rẹ wọ́n títí iyọ̀ yẹn á fi tú jáde, ọjọ́ tí ooru bá mú ni yóò ti awọ dídán ojú wọn bọ́ sílẹ̀.

Zeferino ní, "Ìyàwó Abílio, omi ẹ̀rọ o. Má fa ti kànga sí i."

Mo ní, "Ṣé àná lẹ mọ̀ mí ni, Ọ̀gá?"

"Rárá. Torí pé mo ti mọ̀ ọ́ tipẹ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní wáìnì ife kan kó tó máa lọ.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta

Mo kán omi táńkì kọ̀ọ̀kan sórí gíláàsì, mo gbé e sínú oòrùn. Nígbà tó gbẹ, gbogbo rẹ̀ ló fi funfun sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó ṣì kù. Mo tún yí omi. Láti ọdún tuntun tí omi ẹ̀rọ ti gbówó lórí, owó rẹ̀ ti ju ti iná àti gáàsì lápapọ̀ lọ. Panla náà ti kọjá agbára. Ìdajì èyí tí mo máa ń rà ni mo rà fún Àjíǹde.

Ará Porto kan wá. Ó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ó ti ra táìlì ilé ńlá kan tí wọ́n wó, ó fẹ́ kí n bá òun fọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ omi kí oṣù Kẹrin tó dé ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á gbé e lọ sí Aveiro. Iṣẹ́ náà á tún òrùlé ilé yìí ṣe, á sì ṣẹ́ kù. Mo ní kò sí wàhálà. Táńkì mẹ́ta náà ni mo ní, n kò ní òmíràn.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kẹta

Ìkún omi ńlá oṣù Kẹta ti dé. Ọ̀sà wọ inú oko àlùbọ́sà Tibúrcio oníyanrìn títí dé ìdí ilé. Ní irú ọ̀sẹ̀ báyìí, iyọ̀ máa ń wọ kànga, kò sẹ́ni tó ń fi omi rẹ̀ bomi rin ohunkóhun ládùúgbò wa, ọmọdé gan-an mọ̀.

Mo fi omi ẹ̀rọ yí táńkì kìíní àti ìkejì. Mo dúró ti mítà, ó ń yí bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà tó kan ìkẹta, mo ti ẹ̀rọ pa, mo tan pọ́ǹpù kànga. Mo tọ́ ọ wò. Mo ní kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Mo ní ohun tó ń pa àlùbọ́sà kò lè pa amọ̀ tó ti jóná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mo máa fi ti ẹ̀rọ yí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì Rere

Mo bá wọn rìn Ìpa Ọ̀nà Àgbélébùú. Ní ibùdó kẹrin, níbi tí Jésù ti pàdé ìyá rẹ̀, táńkì yẹn sọ sí mi lọ́kàn. N kò padà lọ yí i. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹrin

Ọkọ̀ ará Porto ń bọ̀ lọ́la. Mo kó ti ṣọ́ọ̀ṣì jáde, mo tò wọ́n sórí pákó kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Ti táńkì kìíní gbẹ lórí gíláàsì láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Ti ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ti ìkẹta fi òrùka funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀. N kò tíì yí i láti ọjọ́ kànga yẹn, iṣẹ́ pọ̀. Mo wo òrùka náà pẹ́, mo wá fi épírọ́ọ̀nù mi nù ún.

Zeferino dé nírọ̀lẹ́.

"Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ọ̀gá, ṣé kí n bu ọbẹ̀ sí wọn kẹ́ ẹ fi jẹun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè gíláàsì. Ti Abílio ló máa ń yẹ̀ wò. Tèmi, kò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún

Zeferino parí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ìgbì kọ́kọ́, Ìyá Wa gbẹ̀yìn. Iyanrìn tó kó wá láti fi po ẹfun ìlẹ̀mọ́ tán kó tó dé òkè, Tibúrcio kó òmíràn wá fún un. Mo rí bó ṣe fi èkù igi gbá táìlì ojú yẹn wọlé, jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ta ọmọ tó ń sùn jí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Fáda Gaudêncio sáré wá bá a. Ó mú ọwọ́ Zeferino, ẹfun àti gbogbo rẹ̀, ó fẹnu kò ó.

Leopoldina ìyàwó rẹ̀ gbé wáìnì àti búrẹ́dì àgbàdo wá. Comadre mi ni, èmi ni mo gbé Zulmira ọmọ wọn dúró níbi ìrìbọmi. Gbogbo ènìyàn ń kí Zeferino, ó bá ní, "Ẹ kí Deolinda náà. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, asán ni gbogbo ohun tí mo ṣe."

Wọ́n kí mi. Mo jẹ búrẹ́dì náà tán.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà

Atẹ́gùn ìlà-oòrùn ti ń fẹ́ láti ìjẹta. Aṣọ ń gbẹ kí n tó sá a tán. Sàdíìnì ti sanra, ó sì ti wọ́n.

Leopoldina ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní, "Comadre, nǹkan funfun kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Wa. Mo nù ún lánàá, ó tún ti padà. Ó dà bí ẹni tó ń sunkún ìyẹ̀fun."

Mo ní, "Ẹfun tuntun ni. Yóò lọ."

Mo ti mọ ohun tó jẹ́ kó tó pa ẹnu dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Ojú ti bọ́. Imú àti ojú òsì ló kọ́kọ́ já, àwọn ìka ọwọ́ tẹ̀ lé e. Awọ dídán náà ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, amọ̀ pupa ló kù lábẹ́ rẹ̀. Leopoldina ṣa àwọn èyí tó já sínú ìdikù orí rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń ṣà á.

Senhor Albano tó ń ta ẹja, olórí Ẹgbẹ́ Arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, wá pẹ̀lú fìlà lórí. Ó ní, "Apá òkè ni iyanrìn tuntun wà. Apá òkè ló ń bọ́. Iyanrìn òkun nìyí, iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń jáde."

Zeferino ní, "Èmi? Iyanrìn òkun?"

"N kò ní o mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ti ń ṣe bàìbàì, Zeferino, Tibúrcio sì mọ̀ pé o kò ní rí i. Kò sẹ́ni tí kì í dàgbà."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Zeferino wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí wọn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ní kí n jẹ́ kí Albano kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí Albano lọ, mo ní kí n jẹ́ kí Fáda lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹfà

Ẹgbẹ́ Arákùnrin ṣèpàdé. Wọ́n ní Zeferino kò ní wà lára àwọn tó máa gbé ìtẹ́ ère Ìyá Wa káàkiri lọ́jọ́ àjọ̀dún oṣù Keje lọ́dún yìí. Igun iwájú lápá ọ̀tún ni tirẹ̀, láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Albano ni wọ́n fi sí i. Wọ́n ní kó má bàa sí ariwo láàárín ìjọ.

Zeferino lọ bá Tibúrcio nídìí iyanrìn. Àwọn méjèèjì ti ń jọ mu wáìnì láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin. Wọ́n ní ó bu iyanrìn sẹ́nu níwájú gbogbo ènìyàn, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wá iyọ̀. Tibúrcio pè é ní arúgbó olófo, ó sì ti géètì.

Mo ṣírò rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ará Porto á kó táìlì rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ ìfọ̀ wá bá mi mọ́ láti ibí dé Ovar. Mo tún un ṣírò. Ó ń jáde síbì kan náà.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹfà

Zeferino wá lẹ́yìn Ìsìn Mímọ́. Kò jókòó.

"Ìyàwó Abílio, n kò wá pè ọ́ lẹ́jọ́. Mo kàn fẹ́ fọkàn balẹ̀. Ṣé o kán omi sórí gíláàsì?"

"Mo kán an."

"Ti Ìyá Wa náà?"

"Ti Ìyá Wa náà."

"Ó mọ́."

"Ó mọ́, Ọ̀gá."

Ó mi orí. Ó ní, "Iyanrìn ni, nígbà náà. Èmi ni." Ó ní ahọ́n òun kò mọ iyọ̀ mọ́, òun tọ́ iyanrìn náà wò títí, òun kò rí i, ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ó dáa kí ènìyàn mọ ohun tó ṣe é.

Bó ti jáde, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jòhánù Mímọ́

Wọ́n dá iná ọdún Jòhánù sí ìta gbogbo. Zeferino kò jáde. Mo ra sàdíìnì mẹ́fà, mo jẹ ọ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹfà

Leopoldina kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀, aṣọ ilé ló wọ̀ jáde.

"Comadre, bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ti lọ láti ìdájí, ó ń tú ògiri palẹ̀. Ó ní òun á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè gbọ́ tìẹ."

Láti ìta la ti ń gbọ́ ṣísẹ́lì. Kì í ṣe Ìyá Wa nìkan ló ń tú. Gbogbo ibi tí ó fi iyanrìn tuntun lẹ̀ ni, àwọn áńgẹ́lì, àti atukọ̀ tó gbé ọwọ́ sókè yẹn. Ti táńkì kejì ni wọ́n, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Nítorí pé ó lẹ̀ wọ́n dáadáa, wọn kò fẹ́ kúrò. Bó bá ti ti ṣísẹ́lì sí i, táìlì á là kí ẹfun ẹ̀yìn rẹ̀ tó dá. Ilẹ̀ ti kún fún àfọ́kù. Mo tẹ ìyẹ́ áńgẹ́lì kan mọ́lẹ̀ kí n tó rí i.

Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àkàbà. "Ẹ wo bó ṣe le. Báwo ni iyanrìn burúkú ṣe le tó yìí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró."

"Jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi, Ìyàwó Abílio."

"Kì í ṣe iyanrìn. Omi kànga ni mo fi rẹ Ìyá Wa, nígbà ìkún omi oṣù Kẹta. Ó ṣì ní iyọ̀ nígbà tí mo ní ó mọ́."

Ṣísẹ́lì dákẹ́. Kò yíjú sí mi.

"Táńkì wo?"

"Ìkẹta."

"Ìkẹta nìkan?"

"Òun nìkan."

Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ. Ó mú àfọ́kù méjì nílẹ̀, ó ń fi ọ̀kan kan èkejì. Etí wọn kò bára mu mọ́, àárín ti di lẹ́búlẹ́bú.

"Àwọn wọ̀nyí mọ́, nígbà náà."

"Wọ́n mọ́."

"Nígbà tí mo wá bá ọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, o ti mọ̀."

"Mo mọ̀."

Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, n kò tíì fọ́ ìkankan."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ojú Ìyá Wa, iyọ̀ ló pa á, owó omi tí n kò fẹ́ san ni mo fi pa á. Ṣùgbọ́n àwọn áńgẹ́lì yìí, ẹnu mi tí mo dì ló fọ́ wọn.

Mo ń retí pé Leopoldina á bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá àfọ́kù jọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Gbé ẹsẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Mo lọ bẹ Tibúrcio nítorí Zeferino. Ó gbọ́ mi tán, ó ń jẹ ólífì, ó ń tu kóró rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ti pe Zeferino ní arúgbó olófo. Níta gbangba. Ṣé ìwọ lo máa lọ bá mi gba ọ̀rọ̀ yẹn padà?"

"Mo lè sọ fún un pé..."

"Má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni fún mi, Deolinda. O ti mọ̀ ọ́n dákẹ́. Máa bá a lọ."

Nírọ̀lẹ́ mo rí i tó gbé ìgò wáìnì kan lọ sápá ilé Zeferino, lábẹ́ kóòtù, bí ẹni tó jí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Keje

Mo lọ sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Arákùnrin. Obìnrin kì í wọ yàrá yẹn àfi tó bá fẹ́ gbálẹ̀. Albano ní, "Deolinda, a kò tíì parí." Mo ní ẹ jókòó, n kò ní pẹ́.

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìkún omi, pọ́ǹpù, òrùka funfun, irọ́ mi méjèèjì. Mo ní ahọ́n Zeferino pé, ojú rẹ̀ pé, kí wọ́n lọ wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tó ṣe.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Èló lo wá jẹ níbẹ̀?"

Mo sọ iye tí omi ẹ̀rọ ì bá jẹ́. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Kò tó owó sàdíìnì tí Albano ń sun fún àlejò lọ́jọ́ kan.

Albano yọ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní òun fúnra òun á lọ sílé Zeferino. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Keje

Ará Porto wá kó táìlì rẹ̀. Kò pariwo, ó ní òun gbọ́ ni. Mo bá awakọ̀ rẹ̀ há koríko sí i. Òrùlé ń jò lápá ilé ìdáná.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Keje

Zulmira wá gba táìlì àtijọ́ tí Abílio kó pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé, àwọn àṣẹ́kù ilé tí wọ́n ti wó. Bàbá rẹ̀ fẹ́ fi dí ibi tí àwọn áńgẹ́lì wà, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe: ìdajì òdòdó kan, ẹsẹ̀ ajá, ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀. Mo ní n kò gba owó. Ó ní, "Ìyá ìrìbọmi, wọn kò fún mi ní owó kankan."

Mo bi í nípa ojú Ìyá Wa. Mo ní ayàwòrán kan wà ní Aveiro tó lè ya òmíràn tó jọ ọ́, mo máa ta ẹ̀gbà ọrùn mi, mo máa san án. Ó ní wọ́n ti sọ ọ́ fún bàbá òun. Ohun tó sọ ni pé ká má tún pa irọ́ mìíràn lé ògiri yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Keje. Àjọ̀dún

Ojú ọjọ́ mọ́, afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láti inú ọ̀sà. Búrẹ́dì dídùn wọ́n ju ti èṣí lọ.

Wọ́n gbé ère Ìyá Wa jáde láàárọ̀. Zeferino wà ní igun rẹ̀, irun rẹ̀ tutù, kọ́là rẹ̀ fún un lọ́rùn. Ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n gbà. Mo ti tẹ́ aṣọ oníṣẹ́ ọnà sí fèrèsé bíi gbogbo ènìyàn. Iwájú ló ń wò, ẹni tó bá gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ kò lè wo ẹ̀gbẹ́. Bí mo ṣe sọ fún ara mi nìyẹn.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, táìlì funfun lásán ló wà níbi ojú náà. Ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa, o kò rí ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Aṣọ rẹ̀ wà, ìkùukùu wà, ọkọ̀ àti ìgbì wà nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan níwájú mi bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá, ojú rẹ̀ dà?" Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Kò yíjú wò mí. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó yíjú wò mí.

Àyè ẹnìkan ṣẹ́ kù lórí àga mi. Gbogbo àga yòókù ti kún débi pé àwọn ọmọ wà lórí itan. Leopoldina pẹ́ kó tó wọlé, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ gba kóòtù. Ó rí àyè náà. Ó rí mi. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó fara ti òpó, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó wú bí kábéèjì yẹn.

Fáda ní ká jókòó. Gbogbo ìjọ jókòó. Mo yíjú wẹ̀yìn, ó ṣì wà lórí ìdúró.

Mo dìde kó lè wá jókòó. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní kí n jókòó, òun kò rí Fáda. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sì dúró síbẹ̀ títí ìsìn fi parí, àyè ẹni méjì ṣófo lórí àga náà, ẹnikẹ́ni kò jókòó sí i.